Ẹ̀bẹ̀ Tí Màmá Mi Lọ Bẹ̀ Nítorí Mi

Ní Ifangni, ọmọṣẹ́ kì í kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní agbedeméjì. Bó bá kúrò, á jẹ́ pé ó jalè ni, tàbí pé ó rí ọ̀gá fín. Ìyá rẹ̀ á gbé epo àti àkùkọ, á lọ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ọmọ náà á kúnlẹ̀ tì í. Bí ọ̀gá bá gba ẹrù náà, ó ti dárí jì í nìyẹn. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀, mo gbàgbé gbogbo èyí lọ́jọ́ tí mo sọ fún màmá mi pé mo ń fi ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Bí ẹ̀kọ́ tí mo yàn ṣe rí nìyẹn. Ìwé-ẹ̀rí méjì ló wà nínú rẹ̀: ti dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn, àti ti olùwádìí. Èèyàn á kọ́kọ́ kọ́ ìṣègùn pẹ̀lú àwọn yòókù fún ọdún mélòó kan. Lẹ́yìn náà, á yà kúrò lára wọn, á wọ yàrá ìwádìí, á máa wádìí ohun kan ṣoṣo títí á fi kọ ìwé lé e lórí, tí á sì dáhùn ìbéèrè àwọn àgbà. Ìgbà yẹn ni á tó padà sí ọsibítù láti parí èyí tó fi sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ á ti di dókítà, wọ́n á sì máa rán an níṣẹ́. Ìyẹn dùn mí nígbà tó kàn mí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo ń kábàámọ̀.

Orí fóònù ni mo ti ṣàlàyé fún màmá mi, tìkánjú-tìkánjú, Faransé pọ̀ ju Yorùbá lọ lẹ́nu mi. Ó ní, “Ó dáa, ọmọ mi.” Mo rò pé ó yé e. Ẹyin lohùn, èmi ò sì rọra gbé e kalẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé Igolo, níbi tó ti ń ta gàrí, pé wọ́n ti lé ọmọ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ dókítà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí sí búrò, ìyẹn ọ́fíìsì ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí ẹ̀kọ́ wa ní Kútọnu. Màmá mi ni mo bá lórí ìkúnlẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo pupa níwájú rẹ̀, àkùkọ tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀ ń pariwo lábẹ́ àga. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò gbọ́ Yorùbá. Ó ṣebí màmá mi wá dúpẹ́ ni. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Merci, maman, merci,” pé ẹ ṣeun, ìyá, ó sì gba epo. Màmá mi ṣẹ́jú sí mi pé kí n kúnlẹ̀. Ojú ń tì mí, inú ń bí mi. Mo dúró gbagidi.

Bí a ṣe jáde ni mo jágbe. “Màmá, ta ló sọ fún yín pé mo ṣẹ̀ wọ́n?”

“Bí o ò bá ṣẹ̀ wọ́n, kí ló dé tó fi gba epo?”

“Ó rò pé ẹ̀bùn ni!”

“Hẹ̀n. Ọlọ́run á bá wa ṣe é.” Ó wọ tákísì padà sílé.

Mo tún ṣàlàyé lẹ́yìn ìyẹn, àìmọye ìgbà. Á kàn máa mi orí. Télọ̀ obìnrin tó wà ládùúgbò wa ń fún àwọn ọmọṣẹ́ lómìnira lọ́dọọdún, wọ́n ń da pọ́dà sí wọn lọ́rùn, wọ́n ń fi alùpùpù gbé wọn káàkiri ìlú. Màmá mi, tó fẹ́ràn ijó bẹ́ẹ̀, kò yọjú síbẹ̀ mọ́. Ó ń dùn mí títí dòní. Obìnrin tí kò mú abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni rí ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́jà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dá.

Nígbà tí ìwé-ẹ̀rí méjèèjì pé lọ́wọ́ mi, mo wálé. Màmá mi ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó ní òun fúnra òun ló máa da pọ́dà sí mi. Ilé kún. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ó ń jó, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fà mí mọ́ra, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí.

“Wọ́n ti dárí jì ọ́. Ohun yòówù kó o ṣe fún wọn nígbà yẹn, jọ̀ọ́, má tún ṣe é mọ́.”

Mo lanu láti ṣàlàyé. Mo wo bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn.

“Mi ò ní ṣe é mọ́, Màmá.”