Ọjọ́ tí Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Hó ní Pálọ̀ Wa

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi, n kò gbọ́ ọ lórí rédíò, n kò sì kà á nínú ìwé, nítorí ìwé kíkà kì í ṣe iṣẹ́ mi. Mo wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo jókòó tì í, mo fi ọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá sí Kubwa kó wá bi ìyàwó mi.

Ohun tí mo rí ni pé nǹkan pẹlẹbẹ kan, tí kò tóbi ju bisikíìtì lọ, lè gbóná bí áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni. Àwọn tó kàwé ń pè é ní pírósẹ́sọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́. Fíríìjì àti éésì ni mo ń tún ṣe. Ìwé márùn-ún péré ni mo kà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n láti Kubwa títí dé Bwari, bí éésì bá kọ̀ tí kò tutù, tí àwọn oníwèé-ẹ̀rí wò ó tì, èmi ni wọ́n ń pè. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń lé ooru jáde kúrò nínú ilé onílé ní Abuja yìí. Mo ti mú yàrá adájọ́ tutù. Mo lè fi etí lásán mọ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó máa kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kì í ṣe pé mò ń gbéra ga, bó ṣe rí ni mo ń sọ.

Àkọ́bí mi obìnrin ló ni kọ̀ǹpútà náà. Iṣẹ́ ọmọ yìí máa ń yà mí lẹ́nu. Àwọn ayàwòrán-ilé á fún un ní ìlà gbẹrẹfu lásán, á gbé e sínú kọ̀ǹpútà, á fi oòrùn sí i, á gbin òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ilé tí ẹnikẹ́ni kò tí ì kọ́ á wá dà bíi pé kí o kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ kò lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó fi ọdún kan tu owó jọ, ó wá ra tuntun ní wẹ́wẹ́: àpótí lọ́tọ̀, ọpọlọ lọ́tọ̀, fáànù lọ́tọ̀. Ọpọlọ tó lágbára jù lórí igbá ló rà, nítorí ọkùnrin kan ní Life Camp ti gbé àwòrán márùn-ún fún un láti ṣe. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ tẹ ọkùnrin náà lọ́wọ́. Èyí tí kò bá dé nígbà náà, ẹlòmíràn ni yóò ṣe é. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí ọmọ mi gbà nìyẹn.

"Dádì," ó ní, "ọpọlọ yìí máa ń gbóná gan-an o, ó sì máa ń fa iná. Mo fẹ́ pe ẹnì kan kó wá tò ó."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ta lo fẹ́ pè, nínú ilé tí èmi bàbá ẹ wà? Ẹni tó ń mú odidi yàrá tutù, ṣé bisikíìtì ló máa borí ẹ̀?"

"Dádì, kì í ṣe éésì o."

"Ṣé ooru ni àbí kì í ṣe ooru?"

"Ooru ni, sà."

"Ó parí nìyẹn."

Ó jáde lọ ra epo jẹnẹrétọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí wọ́n fi ń mú ọpọlọ náà tutù jẹ́ irin wúwo kan, ó ní ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ẹ̀yìn éésì, fáànù wà lórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń dán bí wúrà. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n fi bo ìsàlẹ̀ dídán yẹn, wọ́n fi àwọ̀ pupa kọ òyìnbó sí i.

Ní ilé tiwa, a kì í bọ́ ọ̀rá kúrò lára ohun tuntun. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ọ̀rá wà lórí àga pálọ̀ wa, ó wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì, rìmóòtù náà wà nínú tirẹ̀, wọ́n sì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ohun tuntun tí o bá ti bọ́ ọ̀rá rẹ̀ ti di tòkunbọ̀. Nítorí náà mo rọra ṣe é kí ọ̀rá náà má ya. Mo fi ìpara tó bá a wá, èyí tó dà bí ọṣẹ ìfọyín, pa ojú ọpọlọ, mo gbé irin náà lé e tọ̀rá-tọ̀rá, mo de ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ọmọ mi tó dé, mo ti bo àpótí. Kọ̀ǹpútà tàn.

"Dádì, ẹ mà gbìyànjú o!"

Mo ní mo mọ̀.

Ọmọ náà fi ọjọ́ méjì ṣiṣẹ́. Wọ́n ní àwòrán irú èyí gbọ́dọ̀ sè nínú kọ̀ǹpútà kó tó jinná, tirẹ̀ sì ń sè bí ẹ̀wà líle. Nígbà tí mo fi ti mọ́sálásí dé lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, mẹ́ta péré ló ti jinná. Aago méjì ti lọ. Mo bá a tó ń nu omi ojú.

"Dádì, ó tún ti kú. Ìgbà kẹta nìyí. Bí àwòrán ìkẹrin bá ti sè dé ìdajì, á kú."

Mo bọ́ agbádá mi. Mo mú mítà tí mo fi ń wọn iná, èyí tó máa ń la ẹnu gba wáyà mú, mo ya wáyà kan sọ́tọ̀ nínú okùn iná kọ̀ǹpútà, mo ní kó tan án kí àwòrán máa sè. Kái! Iná tó ń fà ju ti fíríìjì ńlá wa lọ. Iná tó bá sì wọ inú ohun tí kì í yí táyà, tí kì í fa omi, ooru náà ló máa dà. Mo mọ ìyẹn láìjẹ́ pé tíṣà kankan kọ́ mi.

Mo ní ooru Abuja ni. Mo tan éésì pálọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wa wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́, kọ̀ǹpútà bá a lọ. Mo tún jẹnẹrétọ̀ tan, mo gbé ìṣù yìnyín mẹ́ta sínú báàfù, mo fi fáànù onídùúró fẹ́ ẹ sí àpótí.

Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná. "Bàbá wọn, ẹ ò kúkú fi aṣọ tútù lé e níwájú orí? Ẹ ra oògùn ibà fún un."

"Ìyá wọn, lọ máa ro ọbẹ̀ ẹ."

"Ọbẹ̀ tèmi kì í kú kó tó jinná!"

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, omi ṣì wà lójú rẹ̀. Ó fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà pé ooru ọpọlọ ti dé ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé ó ti gbóná tó omi tó ń hó. Mo ki ọwọ́ bọ inú àpótí, mo fọwọ́ kan àwọn ewé irin yẹn. Wọ́n tutù bí imú ajá.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ẹ̀yìn fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbóná. Bí inú bá gbóná tí ẹ̀yìn tutù, ooru kò rí ọ̀nà jáde ni. Nǹkan kan ló dúró sáàárín.

"Pa á!" Mo tú ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ṣí irin náà. Ọ̀rá ọjọ́sí ti ká kò bí pọ̀nmọ́ tó rí iná.

Ọmọ mi tẹjú mọ́ ọn. "Dádì! Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: ẹ yọ èyí kí ẹ tó lò ó!"

"Ta ni wọ́n kọ ọ́ fún?"

"Fún ẹni tó bá ń tò ó, sà."

"Ẹni tó ń tò ó ti gbọ́ báyìí."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ilẹ̀kùn mú. "Ògá olóoru! Ẹni tó ń làágùn lẹ da bùbá bò!"

Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Mo ya ọ̀rá náà dànù, mo nu ojú méjèèjì mọ́, mo fún ìpara tó kù jáde, mo fi pa ọpọlọ fẹ́lẹ́ bí ẹni fi bọ́tà pa búrẹ́dì nígbà tí oṣù ti ń lọ sópin. A tan án. Kò pẹ́ tí atẹ́gùn gbígbóná fi ń fẹ́ sí mi lójú láti ẹ̀yìn àpótí, ìyẹn dùn mọ́ mi ju atẹ́gùn éésì lọ. Ooru ọpọlọ wálẹ̀, kò kọjá bí àádọ́rin mọ́, iṣẹ́ sì ń sáré. Ká ní oníwèé-ẹ̀rí ló wà níbẹ̀, á ní kí ọmọ mi lọ ra ọpọlọ mìíràn. Èmi ni mo rí àrùn náà, ọwọ́ ni mo fi rí i.

Àwòrán ìkẹrin jinná kí aago mẹ́rin tó lù. Ìkarùn-ún, èyí tó fi ẹ̀yìn ilé hàn, kò tí ì kọjá ìdajì nígbà tí aago mẹ́rin lù, tí fóònù dún. Ọmọ mi fi mẹ́rin ránṣẹ́. Ọkùnrin Life Camp gbà wọ́n, ó ní wọ́n dára gan-an, ṣùgbọ́n òun ti gbé ẹ̀yìn ilé fún ẹlòmíràn.

"Mẹ́rin ni mo ṣe, Dádì!" ọmọ mi ń fò sókè.

Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà nìyí: ìṣù yìnyín mẹ́ta, lítà epo méjì, túùbù ìpara kan, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àti àwòrán kan nínú márùn-ún.