Ẹ-Jẹ́-Ká-Lọ-Wò-Ó àti Bẹ́ǹṣì Iwájú Ilé Ìkàwé

Ọkùnrin tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń lo tábìlì kan ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Ẹ-Jẹ́-Ká-Lọ-Wò-Ó ni gbogbo wa ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba àwọn káńsẹ́lọ̀ nímọ̀ràn kí wọ́n tó ṣe òfin, kó sì kọ ìlànà tí òfin náà yóò fi ṣiṣẹ́. Ẹlòmíì tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, inú yàrá ni yóò jókòó sí, yóò da ti ìlú mìíràn kọ, yóò yí orúkọ padà, ó parí. Tiwa kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti délẹ̀ báyìí, yóò dìde, yóò fa ṣòkòtò sókè, yóò ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Nígbà tí a fẹ́ ṣe òfin ìdọ̀tí, ó lọ dúró ti ààtàn títí awakọ̀ tó ń kó o fi bi í bóyá nǹkan rẹ̀ sọnù síbẹ̀. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ajá, ajá bù ú jẹ. Nínú ìmọ̀ràn tó kọ, ó ní ajá náà kò jẹ̀bi, òun ló tẹ̀ ẹ́ nírù. Ó máa ń bí mi nínú, torí èmi ni akọ̀wé ìpàdé, èmi ni mo ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, òfin tó bá ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kì í dá wàhálà sílẹ̀.

Èyí tó fi ń yangàn jù ni òfin ìpàdé tó kọ nígbà tí káńsẹ́lọ̀ kan fẹ́ kí ọ̀dà títì kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà àna rẹ̀. Òfin náà kò gùn: ẹni tí ẹbí rẹ̀ bá wà nínú ọ̀rọ̀, kó sọ ọ́, kó bọ́ síta, kí àwọn tó kù máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Gbogbo wa ló pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn àgbà sì ti ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Káńsẹ́lọ̀ tuntun kan dé, ọmọbìnrin tí iṣẹ́ gbé wá sí ìlú wa, tí àdúgbò ẹ̀yìn ibùdókọ̀ dìbò yàn. Orí rẹ̀ pé, bàtà rẹ̀ ga. Ó ní kí a wú àwọn bẹ́ǹṣì iwájú ilé ìkàwé kúrò, kí ọkọ̀ máa rí ibi dúró sí. Àlàyé rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni àwọn àgbààgbà ń jókòó sí láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò sì sí ẹni tó ń kọjá tí ẹnu wọn ń dá sí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Ṣé ọmọ yìí ń rìn ni, àbí ó ń wá nǹkan tó sọnù?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀. Ìyá Ẹ-Jẹ́-Ká-Lọ-Wò-Ó gan-an ló sọ ọ́.

Ìyá yìí, nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ògiri ló ń kọjú sí. Ọmọ rẹ̀ yóò se oúnjẹ, kò ní fọwọ́ kàn án. Bẹ́ǹṣì yẹn ló dá ẹnu rẹ̀ padà fún un. Bí wọ́n bá wú u, ẹ̀rù ń ba ọmọ rẹ̀ pé ògiri náà ni ìyá òun yóò padà sí.

Ó lọ wo ibẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ìyá rẹ̀ ní kó kúrò níwájú àwọn, kò jẹ́ káwọn ríran.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sáà sọ̀rọ̀ dáadáa nípàdé. Ta ni yóò bi yín léèrè ìyá yín?"

Ó ní, "Àbúrò, èmi ni mo kọ òfin yẹn."

Ọjọ́ ìpàdé pé. Alága ní kó gba àwọn nímọ̀ràn. Ó dìde, ó ní, "Ìyá mi wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn, sà. Òfin ní kí n jáde." Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde. Inú mi bàjẹ́, mo rò pé ó tán nìyẹn.

Ni káńsẹ́lọ̀ tó ń ránṣọ bá wúkọ́. "Alága, bàbá ìyàwó mi náà ń jókòó níbẹ̀." Alága ní kó máa lọ. Èyí tó ní ilé oògùn ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun ńkọ́. Ẹlòmíì tún dìde. Kí a tó mọ̀, wọ́n ti ń tò jáde bí ọmọ iléèwé tí agogo lù fún. Alága ń lu tábìlì pé kí wọ́n dúró ná. Mo rán an létí pẹ̀lẹ́ pé, "Sà, àǹtí yín tó tọ́ yín dàgbà náà wà níbẹ̀." Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn.

Ó wá ku èmi àti ọmọbìnrin náà. Èmi kì í dìbò, ẹnì kan ṣoṣo kò sì lè ṣe òfin, la bá sún ọ̀rọ̀ sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ̀rín ti fẹ́ pa mí. Ọmọbìnrin náà kó bírò rẹ̀ jọ, ó ní, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, "Èmi nìkan ni mi ò ní ẹnì kankan níbẹ̀." Ẹ̀rín mi gbẹ. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Mo sọ fún Ẹ-Jẹ́-Ká-Lọ-Wò-Ó, òun náà lọ sọ ọ́ nílé. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ yọ̀. Ó ní, "Gbogbo yín jáde, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lóun nìkan? Irú òfin tó ò ń kọ kiri nìyẹn?" Lọ́jọ́ kejì ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ọ́fíìsì wa, kò kan ilẹ̀kùn. "Oníbàtà gíga dà?"

Ọmọbìnrin náà fò dìde. "Ẹ káàsán, mà."

"Ẹnu mi kò dáa lọ́jọ́sí, má bínú. Gbé báàgì rẹ, a ti sún fún ọ lórí bẹ́ǹṣì."

"Mà, iṣẹ́ wà nílẹ̀."

"Ta ló sọ fún ọ pé àwa kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà, bí ọ́fíìsì bá ti ń ṣíwọ́, àárín wọn lẹ máa bá a, bàtà nílẹ̀, ẹsẹ̀ lásán. Ẹnu tirẹ̀ wá burú ju tiwọn lọ. Mo ń kọjá lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní mò ń rìn bí ẹni tó gbàgbé ìkòkò sórí iná. Mo bú u, wọ́n rẹ́rìn-ín, mo lọ.

Nígbà tí ìpàdé tún pé, Alága ka ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì jáde, ó ní kí ẹni tó bá ní ẹbí níbẹ̀ sọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó mira, ọmọbìnrin náà ti wà lórí ìdúró, báàgì lọ́wọ́.

Alága ní, "Ìwọ kẹ̀? Ta ni tìrẹ níbẹ̀?"

Ó ní, "Gbogbo wọn ni, sà."