Sáṣẹ́ẹ̀tì Tí Wọ́n Fi Sísọ́ọ̀sì Gé

Ọjọ́ kọkànlá rè é tí Mofazzal kò fojú ba oorun. Òun ló ń ṣọ́ géètì ibi tí ojú irin ti dábùú títì nílùú Ishurdi, ọ̀sẹ̀ kan lọ́sàn-án, ọ̀sẹ̀ kan lóru, ara rẹ̀ kò tiẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó sùn mọ́. Á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì, á dìde mu omi, á tún dùbúlẹ̀. Irú ìyà wo nìyẹn?

Dókítà kọ oògùn oorun fún un. Hasna, ìyàwó rẹ̀, rà á pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ọkọ rẹ̀ ń lò láàárọ̀. Ẹyọ mẹ́rin mẹ́rin ló rà, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń rà á: olóògùn á fi sísọ́ọ̀sì gé sáṣẹ́ẹ̀tì, orúkọ oògùn á kù sára ìdajì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Méjèèjì funfun, méjèèjì kékeré. Ta ló fẹ́ dá wọn mọ̀?

Lálẹ́, Mofazzal lo ọ̀kan, kò sùn, ó bú dókítà. Láàárọ̀, ó gbé èkejì mì, ó lọ síbi iṣẹ́. Aago mẹ́sàn-án ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ẹ̀rù bà á, ó pe Hasna nílé.

"Ìyá Tuli, oògùn wo lo fún mi?"

"Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kí ló ṣe ohùn yín?"

"Oorun ń kùn mí!"

"Mo gbé! Mo ti ṣì í mú. Ẹ má sùn o, mò ń bọ̀!"

Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ ojú irin dé. Mofazzal ti géètì pa kí oorun tó gbé e, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Àmọ́ bó bá sùn, àwọn èrò tó ń dúró létí géètì á yọ kọ́kọ́rọ́ náà lápò rẹ̀, ojú irin ni ọkọ̀ á sì ká wọn mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ wo lẹ ń dúró dè?" oníkẹ̀kẹ́ kan pariwo. "Èyí tí wọn ò tíì kàn?"

"Ẹ ṣí i jàre, adìyẹ mi ń kú lọ!" aládìyẹ kan fi kún un.

Mofazzal da omi sórí, ó já ara rẹ̀ léèékánná. Inú bí i sí oorun gan-an. Èmi tí mò ń bẹ̀ ọ́ látọjọ́ yìí, ìsinsìnyí lo wá rí mi?

Hasna sáré dé, bàtà ẹsẹ̀ kan. Mofazzal kó kọ́kọ́rọ́ àti àsíá tó máa ń nà sí ọkọ̀ ojú irin lé e lọ́wọ́.

"Má ṣí i. Ẹni tó bá bú ẹ, bú u padà."

"Ìyẹn ò le." Hasna kọjú sí àwọn èrò. "Èmi ni mo fún un ní oògùn oorun! Ẹ bú mi! Ẹnikẹ́ni ò ní kọjá níbí, àfi tí ọkọ̀ bá lọ!"

Mofazzal mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, gbogbo èrò ti gbọ́ pé ó lo oògùn oorun wá síbi iṣẹ́. Kó tó ráyè bínú, ó ti jókòó ti ògiri.

Ọkọ̀ ojú irin dé, ó ń fọn fèrè, ilẹ̀ ń mì. Hasna na àsíá. Ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan.