Sikéèlì Kòkó àti Ìjà Àkọ́kọ́ Ọmọ Ọmọ Mi

Irọ́ tí mo ti pa láyé mi pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn di akànṣẹ́. Nígbà tí ọmọ ọmọ mi wà ní kékeré, mo sọ fún un pé mo kan igi kòkó kan lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ní oko Bọ́lọ́rundúró, tí kòkó sì ń já bọ́ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, débi pé agboòrùn làwọn ará oko ń ṣí kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà gbà á gbọ́. Ó ń kan ògiri, ó ń kan àpò yanrìn, títí ọ̀gá kan tó ń kọ́ àwọn akànṣẹ́ fi mú un sọ́dọ̀ ní Àkúrẹ́. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ọ̀gá ní ó ti tó ẹni tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun.

Ó ku ọjọ́ méjì kó ja ìjà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sanwó fún un, ló wá kí mi ní Oǹdó. Ó ti rù kọjá àlà. Kò jókòó, ó kàn ń rìn yí àgbàlá ká. Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni wọ́n máa wọn àwọn ní Àkúrẹ́, òun ò sì gbọdọ̀ ju kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta lọ. Bí òun bá jù ú, ẹlòmíì ni wọ́n máa fi rọ́pò òun.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, àmọ́ mo mọ nọ́ńbà. Mo fà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa, ó gun sikéèlì: kílò méjìdínlọ́gọ́ta. Kílò mẹ́ta ṣófo lára ọmọ! Mo délé, mo gún iyán fúnra mi. Ó ń ṣiyèméjì. Mo búra fún un pé kò sí ìjà kan tí mo jà rí tí mi ò kọ́kọ́ jẹ iyán. Ó bá jẹun bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a lọ sí Àkúrẹ́. Ó gun sikéèlì tiwọn: méjìlélọ́gọ́ta.

Ọ̀gá rẹ̀ wojú mi, kò wojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀: sikéèlì ẹni tó ń ra kòkó kì í ka ẹrù pé. Ogójì ọdún ni mo fi ṣépè fún sikéèlì yẹn.

Wọ́n fún wa ní wákàtí méjì láti dín kílò kan kù. Ọ̀gá fi ọ̀rá wé e lára kó lè làágùn, mo bọ́ súwẹ́tà mi fún un, ó sì ń sá lọ sá bọ̀ nínú oòrùn ní Ijapo Estate. Ọ̀gá fi ohùn Àkúrẹ́ rẹ̀ sọ fún mi pé kí n máa lọ ulé. Mo ṣe bí adití. Mi ò lè jókòó. Mo ń fi ọ̀pá tọ ọmọ lẹ́yìn, ó ń sá kọjá lára mi. Nígbà kẹrin ló dúró, tí òógùn ń kán tó-tó-tó.

"Bàbá àgbà, ẹ ti ń bú sikéèlì yẹn kí wọ́n tó bí mi. Kí ló dé tẹ́ ẹ gbà á gbọ́ lánàá?"

"Ebi ń pa ọ́ lójú mi."

"Ìjà mélòó lẹ tiẹ̀ jà?"

Mo wolẹ̀. Mo ní, "Kò sí."

"Igi kòkó yẹn ńkọ́?"

"Mo kàn án lóòótọ́. Ọwọ́ mi ló wú fún ọjọ́ mẹ́ta."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún mú. Lẹ́yìn náà ó tún sáré lọ.

Nígbà tí àkókò pé, ó ṣì fi díẹ̀ jù. Ó bọ́ ṣòkòtò rẹ̀, èmi ni mo na táwẹ́ẹ̀lì bò ó, mo di ojú. Mo gbọ́ tẹ́ni tó ń wọ̀n wọ́n ní: "Mọ́kànlélọ́gọ́ta." Táwẹ́ẹ̀lì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó borí lọ́jọ́ kejì. Èmi máa ń sọ fáwọn èèyàn pé ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ gbé ẹni tó bá a jà dé ìlú Ìjàrẹ́, ibẹ̀ ló ti lajú. Ọmọ ọmọ mi ní rárá o, ọkùnrin náà kàn jókòó sórí àga rẹ̀ ni, ó ní ó tó.

Ó ti ja méjì sí i. Tí ọjọ́ ìwọ̀n bá ti ń sún mọ́, kì í jẹ́ kí n mọ ilé tó dé sí ní Àkúrẹ́. Mo kàn máa ń rìn yí àgbàlá ká ní Oǹdó, ebi ń pa mí, mi ò sì lè jẹun, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wọ̀n.