Ìwé Orúkọ Tí Mo Kọ fún Bíṣọ́ọ̀bù

Ìwé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ fọtokópì máa ń gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe, ó sì ní òórùn kan tí kì í tètè kúrò lára aṣọ. Òórùn yẹn ni mo máa ń gbé relé láti Sapele Road lójoojúmọ́ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tí mo ń bá obìnrin kan ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Ìgbà náà ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù ní Benin. Mo ti bí àkọ́bí mi, obìnrin, kò tí ì pé oṣù mẹ́ta. Inú páálí ìwé ni mo máa ń tẹ́ ẹ sí lábẹ́ tábìlì. Bí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, á sùn lọ fọnfọn. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé mi dára, mo sì mọ̀ pé ó dára. Kí n má purọ́, mo máa ń fi ṣe fáàrí. Òun gan-an ló kó mi sí wàhálà.

Oregbeni ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ìjọ wa kò sì jìnnà síbẹ̀: ìjọ àwa Yorùbá tó wá ṣiṣẹ́ tàbí wá tajà ní Benin. Yorùbá la fi ń kọrin, Yorùbá la fi ń wàásù, àwọn ọmọ á gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n á fi Pidgin dá wa lóhùn. Bíṣọ́ọ̀bù wa ga, ohùn rẹ̀ sì máa ń balẹ̀ bí ẹni tí kò ní ìdí kankan láti kánjú. N kò ní torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà sọ pé èèyàn burúkú ni látilẹ̀. Kò sí ilé tí kò ti ṣe oore. Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ rẹ, lẹ́tà bíṣọ́ọ̀bù ló máa yọ ọ́. Bí àbúrò rẹ ń wá ọ̀nà wọ yunifásítì, lẹ́tà bíṣọ́ọ̀bù ni. Iṣẹ́ tí ọkọ mi ń ṣe ní báńkì, lẹ́tà bíṣọ́ọ̀bù ló gbé e débẹ̀. Nítorí náà, bó bá ní ká dìde, a ti dìde kó tó sọ ọ́ tán.

Nígbà tí ìdìbò ń bọ̀, ó ní kí gbogbo obìnrin ìjọ fi ìnùjú funfun di káàdì ìdìbò wọn, kí wọ́n gbé e wá síwájú pẹpẹ. A ó gbàdúrà lé e lórí fún ọjọ́ méje kí ẹ̀jẹ̀ má baà ta sílẹ̀ nílùú. Ta ni kò fẹ́ àlàáfíà? Àwọn obìnrin tò, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kó káàdì sílẹ̀. Èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin. Bíṣọ́ọ̀bù pè mí, ó ní, “Akọ̀wé wa, bá wa kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí káàdì má dàrú mọ́ra wọn lọ́wọ́.” Mo fi rúlà fa ìlà, mo fi báírò pupa kọ àkọlé, mo fi búlúù kọ ìyókù: orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà káàdì, ibi tí oníkálukú á ti dìbò. Orúkọ tèmi ni mo fi ṣáájú. Bíṣọ́ọ̀bù wò ó títí, ó ní, “Ọwọ́ áńgẹ́lì rèé.” Ẹ̀yin ará, ọjọ́ méjì gbáko ni ẹsẹ̀ mi kò fi kan ilẹ̀. Mo ń fún ọmọ lọ́mú, mo ń sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ní ọwọ́ áńgẹ́lì.

Ọjọ́ méje pé, káàdì kò padà. Wọ́n ní àdúrà ṣì ń lọ lórí rẹ̀. N kò ronú kan ohunkóhun, títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú àwòrán olóṣèlú kan láyà ẹ̀wù rẹ̀. Olóṣèlú yìí ti wá jókòó níwájú ìjọ wa lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin náà kó ìwé lé tábìlì, ó ní, “Madam, abeg, five-five copies, sharp-sharp.” Mo ṣí ẹ̀rọ, mo da ojú ìwé kìíní dé. Kí n tó pa ìdérí rẹ̀ dé, mo tún gbé e yí padà. Báírò pupa. Ìlà tí mo fi rúlà fà. Orúkọ mi lókè pátápátá. Ẹnìkan ti fi yíǹkì dúdú kọ orúkọ olóṣèlú náà sí etí rẹ̀, ó sì fi máàkì síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹran ọdún.

Mo rọra bi í léèrè pé kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. “Na bishop people be that,” ó ní. Ó ní bíṣọ́ọ̀bù ti fi gbogbo wa lé ọ̀gá àwọn lọ́wọ́. Ibùdó ìdìbò la ti máa gba káàdì wa láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n á sì dúró tì wá wo ibi tí a máa tẹ̀ka sí. Bí ọ̀gá bá wọlé, bíṣọ́ọ̀bù á di olùdámọ̀ràn ìjọba. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye tí tòmátì ń lọ lọ́jà. Mo ṣe márùn-ún-márùn-ún fún un. Mo ṣe ẹ̀kẹfà fún ara mi, mo tì í sábẹ́ ọmọ mi nínú páálí.

Nígbà tó jáde lọ, olùkọ́ wa kan ni mo rántí. Obìnrin Benin ni, òun ló kọ́ wa ní ìtàn ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà ló yẹ kó kọ́ wa, ṣùgbọ́n bó bá ti sú u, á yà lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù ayé àtijọ́, á ní ká pa ìwé dé ká fetí sílẹ̀. Ó sọ fún wa pé nígbà náà, bíṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ẹni tó ń wàásù lásán. Ó ní ilẹ̀, ó ní àgbẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, ó ń kó ẹlẹ́ṣin ránṣẹ́ sójú ogun. Àwọn ábọ́ọ̀tì náà, ìyẹn àwọn olórí ilé tí àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin tó jẹ́ pé àdúrà ni iṣẹ́ wọn, ń gbé, ilẹ̀ tí àwọn mìíràn nínú wọn ń ṣàkóso tó ìlú bíi mélòó kan. Ó ní nítorí pé àwọn ló mọ̀ ọ́n kọ, tí wọ́n mọ̀ ọ́n kà, àwọn ọba kò lè ṣe kí wọ́n má pè wọ́n sí ìgbìmọ̀. Àwọn ni wọ́n ń kọ òfin, àwọn ni wọ́n ń dé ọba ládé. Ó sọ ti ọba ilẹ̀ Jámánì kan tó bá Póòpù jà lórí ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yan bíṣọ́ọ̀bù, tó wá fi ẹsẹ̀ lásán dúró nínú yìnyín fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó dárí jì í. Ó tún sọ ti ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, tí Póòpù torí rẹ̀ ti gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ náà pa fún bí ọdún mẹ́fà: kò sí ìsìn, wọn kò sìnkú sílẹ̀ mímọ́, agogo kò dún. Ìsàmì ọmọ ọwọ́ àti ìjẹ́wọ́ ẹni tó ń kú lọ ni wọ́n fi sílẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè lọ́jọ́ náà, mo ní àwọn èèyàn ìgbà yẹn mà gọ̀ o, kí ló dé tí wọ́n ń jẹ́ kí àlùfáà máa darí wọn bẹ́ẹ̀? Olùkọ́ kàn wò mí. Ó jọ pé ó mọ ibi tí mo máa ń lọ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìjọ ni mo kọ́kọ́ lọ. Òun ló dàgbà jù nínú wa, kò mọ̀wé. Mo tẹ́ fọtokópì náà sórí itan rẹ̀, mo ṣàlàyé.

“Èwo ni tèmi níbẹ̀?”

Mo fi ìka tọ́ka sí i.

“Ìwọ lo kọ ọ́?”

“Èmi ni, mà.”

“O kọ ọ́ dáadáa,” ó ní. Ìbá dára kó gbá mi létí.

Láti ibẹ̀ mo gba ilé bíṣọ́ọ̀bù lọ, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn mi. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní mo wá gba káàdì mi. Ó ní ta ló rán mi. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Mo fi ìwé hàn án. Kò sẹ́ ẹ, èyí gan-an ló bí mi nínú jù. Ó ní, “Ọmọ mi, àlejò la jẹ́ ní ìlú yìí. Bí a kò bá ní ẹni tiwa nídìí ìjọba, ta ló máa gbèjà yín? Kí ni mo ń fi lẹ́tà ṣe fún yín láti ọjọ́ yìí wá?” Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà. Ẹ fún mi ní káàdì mi.” Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bi mí bóyá ọkọ mi mọ̀ pé mo wá. Ó wá ní ìsàmì ọmọ mi tó yẹ kó wáyé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kó ṣì dúró ná, títí màá fi tọrọ àforíjì níwájú ìjọ.

Nílé, ọkọ mi fi ọwọ́ lérí. “Nítorí káàdì? Káàdì tó jẹ́ pé inú agolo mílíìkì lo jù ú sí! Ìyáa mi ti ń di ẹrù ní Iléṣà, wọ́n ti rán aṣọ ọmọ, ìwọ ń bá bíṣọ́ọ̀bù fa káàdì!” Òótọ́ ló sọ nípa agolo mílíìkì. Ìyá ọkọ mi dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú aṣọ funfun kékeré tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán, gbogbo etí rẹ̀ ni wọ́n gbá léèsì sí. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, tọrọ àforíjì. Ẹnu lásán ni. Jẹ́ kí ọmọ ó gba omi.” Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi, mo yára gbá wọn mú. Mo sunkún. Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé bí mo bá fi ẹnu lásán tọrọ èyí, ẹnu lásán náà ni ọmọ mi á máa fi gbé ayé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo wọ aṣọ náà fún ọmọ, mo lọ bá àwọn ìyá mẹ́rin yòókù tò níwájú. Ọkọ mi jókòó lẹ́yìn, ó dorí kodò. Bíṣọ́ọ̀bù bu omi sórí ọmọ kìíní, ó bu sórí èkejì. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fò mí bí ẹni fo kòtò, ó bu omi sórí ọmọ tó kàn. Ó tún fi ọwọ́ ṣe àmì pé kí n lọ jókòó.

N kò lọ. Mo ní, “Bíṣọ́ọ̀bù, sà, nígbà tí Póòpù ti ilẹ̀kùn gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa nítorí ọba wọn, wọ́n ṣì ń ṣe ìsàmì fún ọmọ ọwọ́! Ọba ni wọ́n ń bá jà, wọn kò bá ọmọ ọwọ́ jà. Ọmọ mi kò ní káàdì. Kí lẹ ń bá a jà sí?”

Ẹnìkan wá kígbe láti ìlà àwọn ọkùnrin pé, “Póòpù wo? Ṣé Àgùdà ni wá níbí?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè ìdánwò tí kò sẹ́ni tó bi í. Ìgbà náà ni Ìyá Ìjọ dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀.

“Ìyàwó, fi Póòpù sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù, káàdì tèmi dà?”

Obìnrin kan ní ẹ̀yìn rẹ̀ ní, “Tèmi náà ńkọ́?” Òmíràn ní, “Ìnùjú mi pàápàá, mo fẹ́ ẹ!” Kò pẹ́ tí gbogbo ìlà obìnrin fi dìde. Bíṣọ́ọ̀bù gbé orin sókè. Àwọn ọkùnrin gbè é díẹ̀, orin náà kú mọ́ wọn lẹ́nu. Ó gbàdúrà ìparí, ó sì bá ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Kò bu omi sórí ọmọ mi.

Lọ́jọ́rú, wọ́n gbé agbọ̀n káàdì wá sí ilé Ìyá Ìjọ. Orí lísìtì mi náà la ti pín in. A dìbò. Olóṣèlú náà wọlé, bíṣọ́ọ̀bù sì di olùdámọ̀ràn. Kódà, àwọn kan nínú àwọn obìnrin tó dìde lọ́jọ́ náà, òun ni wọ́n dìbò fún. Wọ́n ní ó wu àwọn ni. Mo ní kò burú, tiwọn ni. Ìyá ọkọ mi padà sí Iléṣà láìbá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n sì kú kí ọmọ tó gba omi ní ìjọ kékeré kan ní Ekosodin lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn dùn mí títí dòní. Àwọn nìkan ni mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, n kò sì rí wọn mọ́. Bíṣọ́ọ̀bù ní tirẹ̀, n kò tọrọ ọ́, n kò sì ní tọrọ ọ́.

Ọmọ náà ti ń bá mi ga dọ́gba báyìí. Wọ́n ti sọ ìtàn yìí fún un títí, àwọn ẹlòmíràn sì ti bù mọ́ ọn. Ó rò pé bí gbogbo ìyá ṣe ń bá bíṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí tíṣà bá rẹ́ ẹ jẹ nílé-ìwé, á dúró, á béèrè ìdí. Mo máa ń wò ó. N kò tí ì sọ fún un pé lọ́jọ́ náà, mo fi ìdí ti ògiri kí n má baà ṣubú, àti pé òun tí mo gbé mọ́yà ni mo dì mú, kì í ṣe òun ló dì mọ́ mi.