Ìṣáwùrú Inú Bàsíà ní Obiagu

Etí òkun ni wọ́n ti bí ìyá mi, níbi tí omi ti máa ń wọlé tó sì máa ń fà sẹ́yìn lójoojúmọ́. Bàbá mi, akọ̀wé rélùwéè láti ilẹ̀ Yorùbá, fẹ́ ẹ, ó sì mú un wá sí Enugu, níbi tí kò sí òkun nítòsí. Ìyá mi kò ráhùn. Ó kàn máa ń lọ sí ọjà Ogbete lọ ra ìṣáwùrú tí wọ́n kó wá láti ìlú rẹ̀, á sì gbóòórùn rẹ̀ kó tó rà á.

Lọ́jọ́ kan ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà, ó ní kẹrosíìnì ló ń rùn. Obìnrin tó ń tà á ní bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí báyìí nìyẹn. Nígbà tó délé, ó ní òun fẹ́ lọ wo ìlú òun, kí n sin òun lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ṣì ń ṣa ìṣáwùrú, mú wa lọ sórí ẹrẹ̀ nígbà tí omi fà. Epo rọ̀bì ti bo apá kan. Àwọn igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò wọn máa ń dúró lókè ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, ti gbẹ. Ìkarahun òfìfo ló kún abẹ́ wọn. Ìyá mi wò ó títí.

A kọjá sí apá kejì tí epo kò tíì dé. Ìṣáwùrú pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń jẹ ẹ́ ti kó wá síbẹ̀ pẹ̀lú: àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, àwọn akàn, àti àwa tá a gbé apẹ̀rẹ̀ dání. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, ẹrẹ̀ gbé mi mì dé orúnkún. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí n dùbúlẹ̀ kí n máa wọ́. Mo ní aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wọ̀. Ó ní omi ń bọ̀. Mo dùbúlẹ̀.

Nígbà tá a padà sínú ọkọ̀ ojú omi, mo rí i tí ìṣáwùrú ń gun gbòǹgbò igi bí omi ṣe ń kún. Mo béèrè ìdí tí ohun tó ń gbé inú omi fi ń sá fún omi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní akàn máa ń bá omi wọlé ni, èyí tó bá kù sílẹ̀, akàn á fọ́ ọ jẹ.

Ìyá mi kó díẹ̀ láàyè bọ̀, pẹ̀lú omi òkun nínú kẹ́ẹ̀gì. Ó dà wọ́n sínú bàsíà lẹ́yìnkùlé wa ní Obiagu, àdúgbò wa ní Enugu. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, wọ́n ti gun ògiri. Bàbá mi kó wọn padà. Wọ́n tún gùn ún.

Bàbá mi ní, "Màmá, àwọn àlejò rẹ kò fẹ́ ibí o."

Ìyá mi fèsì pé, "Wọ́n rò pé akàn wà níbẹ̀ ni. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Kò sí akàn ní Obiagu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n onílé wa ní pẹ́pẹ́yẹ kan. Nígbà tá a fi máa ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, pẹ́pẹ́yẹ náà ti tọ ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú ọkọ̀ ojú irin. Àwọn tó sá sínú ibi tí ògiri ti sán nìkan ló kù. Onílé bẹ̀ wá, lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ohun tó jẹ yẹn kò ní ṣe pẹ́pẹ́yẹ òun ní nǹkan.

Ìyá mi jókòó sórí àpótí, ó bú sẹ́kún. Ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ kọ́.

Ó ní, "Bí epo bá dé apá kejì, ibo ni ẹ̀gbọ́n mi máa lọ?"

Bàbá mi fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sì jókòó tì í. 

Àwọn tó wà nínú ihò ògiri ti ilẹ̀kùn ìkarahun mọ́ ara wọn, ọyẹ́ sì gbẹ wọ́n síbẹ̀. Epo kò tíì dé apá kejì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ẹyẹ ti pọ̀ sí i níbẹ̀, òun sì ń wa ọkọ̀ lọ síbi tó jìnnà díẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ Sunday tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìṣáwùrú ni ìyá mi máa ń kọ́kọ́ béèrè, kó tó kan àwọn ọmọ.