Ihò Tó Wà Lẹ́yìn Ọ̀ṣọ́ Màmá

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí ọkọ mi ṣe gba orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ ṣáà wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ẹ nawọ́ sí nǹkan kan lórí tábìlì, ì báà jẹ́ eruku. Kíá lẹ máa gbọ́ ọ: "Má fọwọ́ kàn án!" Bó ṣe ń sọ ọ́ fún oníbàárà ló ń sọ ọ́ fún ológbò, bẹ́ẹ̀ náà ló ń sọ ọ́ fún èmi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fẹ́ sílé. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Má-fọwọ́-kàn-án. Ó ń jẹ́ ẹ, kò tijú.

Iṣẹ́ fàdákà ló ń ṣe ní yàrá iwájú ilé wa. Kì í ṣe òrùka, kì í ṣe yẹtí. Ọ̀ṣọ́ tí à ń fi ṣéènì so kọ́rùn ni, èyí tí òkúta aláwọ̀ kan máa ń jókòó sí láàárín. Àwọn òkúta ọ̀hún kì í ní igun. Orí wọn á yọ rọ̀bọ̀tọ̀ bí ikùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó, abẹ́ wọn á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọkọ mi á gé fàdákà pẹlẹbẹ kan tí òkúta máa jókòó lé, á fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mìíràn yí i ká, á fi iná lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ọgbà ló ń pe èyí tó yí i ká yẹn. Lẹ́yìn náà, á tún fi iná lẹ òrùka kékeré tí ṣéènì máa gbà kọjá mọ́ ọn lórí. Ìgbà tí iná bá ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá ni òkúta tó lè wọlé jókòó, kó tó wá tẹ etí ọgbà mọ́ ọn. Torí òkúta ò gbọdọ̀ rí iná. Tó bá fi lè rí iná, ó tán, á sán.

Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà yẹn, ó ní láti gbé òkúta sínú ọgbà wò, bóyá ó bá a mu. Ibẹ̀ ni òwú ti wúlò. Á kọ́kọ́ na òwú kan gba inú ọgbà kọjá, á wá gbé òkúta lé òwú lórí, kó lè rí nǹkan fi fà á jáde. "Òwú kọ́kọ́, òkúta tẹ̀lé e!" Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn débi pé mo lè sọ ọ́ lójú oorun. Ó ní alágbẹ̀dẹ tó bá gbàgbé òwú, kó yáa palẹ̀ mọ́, kó lọ máa ta bọ́tìnnì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì yìí sọ́kàn o.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ojú wọn ò ríran mọ́, àmọ́ etí wọn, ẹ gbà mí o! Tí mo bá fi ṣíbí kejì bu ṣúgà sínú tíì mi nílé ìdáná, wọ́n á gbọ́ ọ láti yàrá, wọ́n á ní àbí mo fẹ́ para mi ni. Àwọn àti ọkọ mi, adìyẹ bà lókùn ni: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Wọn kì í bá a jà. Wọn ò ṣáà pè é ní nǹkan kan rí ju "Alágbẹ̀dẹ" lọ. "Alágbẹ̀dẹ, o jíire?" "Alágbẹ̀dẹ, ó dàárọ̀." Bí ẹni tó wá bá wọn tún ilẹ̀kùn ṣe, tí wọ́n ń retí kó máa lọ. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi ni o.

Nínú gbogbo ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀ kó tó kú, òkúta pupa kan ni Màmá mú. Kò tóbi ju ẹyin ẹyẹlé tí wọ́n là sí méjì. Etí ìró wọn ni wọ́n máa ń dì í sí. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á tú u, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò ra abẹ́ rẹ̀ tó tẹ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ láwọn nìkan.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó máa ń já bọ́. Tó bá sì ti já bọ́, ilé dàrú nìyẹn. Èmi á wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọkọ mi á wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, Màmá á dúró láàárín ilé, wọ́n á máa fi ọ̀pá darí wa. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ sínú omi ìfọṣọ. Wọn ò jẹ, wọn ò mu, títí mo fi rí i nínú ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi.

"Kí ni òkúta mi ń wá nínú ìbọ̀sẹ̀ alágbẹ̀dẹ?" Ohun tí wọ́n bi mí nìyẹn, ohùn tí wọ́n fi bi mí ò sì dáa.

Ni mo bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ mi fi fàdákà ṣe é kọ́rùn fún wọn. Mo bẹ̀, mo bẹ̀, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tí wọ́n máa gbà, wọ́n pe èmi àti ọkọ mi jókòó bí ọmọ iléèwé.

"Alágbẹ̀dẹ, mo gbọ́ pé ẹ̀yin oníṣẹ́ fàdákà mọ òkúta pààrọ̀. Ojú mi ló fọ́, ọwọ́ mi ò fọ́. Bó o bá gbé òmíì wá fún mi, màá mọ̀. Tí mo bá sì ti mọ̀, ilé ọmọ mi ọkùnrin ni mo ń lọ."

 Òkè pátápátá nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ẹ̀gbọ́n mi yìí ń gbé, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì tóóró, kò ní ibi ìdìmú. Ẹni tó ríran gan-an ń rọra gùn ún. Òun àtìyàwó rẹ̀ kì í sì í sí nílé lọ́sàn-án, Màmá nìkan ni yóò máa dá jókòó síbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mi ò lè gbé nínú ilé yìí láìgbọ́ ohùn ìyá mi, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣọ́ ṣúgà mi.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni ọkọ mi wí. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó fi dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sójú, ó yí òkúta náà síwá sẹ́yìn. "Àpá kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀," ló sọ fún mi. "Kò sí wàhálà. Fàdákà á bò ó mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Màmá ní kí n gbé àga àwọn sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọ̀pá lé itan, wọ́n dojú kọ ibi tí ìró òòlù ti ń wá.

"Alágbẹ̀dẹ, kí lò ń ṣe báyìí?"

"Mò ń gé fàdákà, Màmá."

"Òkúta mi ńkọ́?"

"Ó wà nínú àwo níwájú mi, Màmá."

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ọkọ mi á mi àwo, òkúta á dún.  Tó bá tún yá: "Alágbẹ̀dẹ, jẹ́ kí n gbọ́ ọ." Á tún mi àwo. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé tábìlì rẹ̀, ẹ wá wo bí òógùn ṣe bò ó! Ẹ̀rín ń pa mí, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

Ó ṣe ọgbà tán, ó dára. Ó gbé òkúta lọ́wọ́ kó fi wọ̀n ọ́n wò. Àṣé Màmá ti ń tẹ́tí.

"Alágbẹ̀dẹ! Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú àwo mọ́! Òkúta mi dà?"

"Ó ń wọlé rẹ̀ báyìí, Màmá!" Ó gbé òkúta sínú ọgbà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Kọ́! Ó jókòó.

Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo ọgbà. Ó wo ìdì òwú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó tún wo ọgbà.

"Òwú dà?" mo bi í jẹ́jẹ́.

Ó ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yin èèyàn mi, omi tán lẹ́yìn ẹja! Òrùka tí ṣéènì máa gbà kọjá ò tíì sí lórí rẹ̀. Kò sì sí bó ṣe máa lẹ̀ ẹ́ láìfi iná sí i, kò sì sí bó ṣe máa fi iná sí i tí òkúta ò ní sán. Ọgbà tó fi ń yangàn kiri pé afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀, òkúta ò ráyè jáde níbẹ̀ mọ́.

Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi òòlù onígi gbá a nídìí. Òkúta ò mira. Mo yọ ṣingọ́ọ̀mù tí mò ń jẹ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo fà á. Ṣingọ́ọ̀mù nìkan ló padà wá. Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tiwa gbọ́ ìró, ó yọjú. Mo ṣàlàyé fún un wúyẹ́wúyẹ́. Kò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ọkọ mi tìṣọ́ratìṣọ́ra.

"Ṣé kí n lọ kó bọ́tìnnì wá?" ló sọ. "Mo gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á."

Ojú tí ọkọ mi fi wò ó, bó bá jẹ́ iná ni, aṣọ Télọ̀ ì bá ti jó. Ṣùgbọ́n Télọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó sáré mú abẹ́rẹ́ wá, ó fẹ́ ki í bọ etí òkúta. "Má fọwọ́ kàn án!" Ó sáré padà lọ mú gọ́ọ̀mù wá, irú èyí tó ń lẹ nǹkan pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí a fi lẹ igi ìṣáná mọ́ orí òkúta, kí a fi fà á. Ọgbọ́n ni. Àfi pé nígbà tí gọ́ọ̀mù gan, àtàǹpàkò ọkọ mi ni igi ìṣáná lẹ̀ mọ́, kò lẹ̀ mọ́ òkúta rárá.

Ìgbà yẹn gan-an ni Màmá ní, "Alágbẹ̀dẹ, wá fà mí dìde."

Ó fún wọn lọ́wọ́ òsì, wọ́n ní àwọn ò gba òsì. Ó fún wọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n dì í mú, wọ́n fọwọ́ ra á lọ sókè sódò.

"Kí lèyí?"

"Ìṣáná ni, Màmá."

"Ìṣáná ló ń hù lọ́wọ́ rẹ báyìí?"

Télọ̀ ki aṣọ bọnu, ó wólẹ̀ sẹ́yìn tábìlì. Àmọ́ Màmá ò rẹ́rìn-ín. "Mò ń gbọ́ ẹni mẹ́ta tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ohun rere kì í jẹ́ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n ti ṣe òkúta mi báṣubàṣu. Ọmọ mi, lọ di ẹrù mi."

Mo lọ dì í. Bí mo ṣe ń kó aṣọ sínú báàgì ni mò ń kó o jáde, torí kí ó lè pẹ́. Omi ń bọ́ lójú mi. Àtẹ̀gùn ilé ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mò ń rí.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, ọkọ mi ti gbé dírìlì. Ó ní òun máa lu ìdí fàdákà náà, kí òun lè ti òkúta jáde látẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ dà bíi tẹni tí wọ́n ní kó na ọmọ rẹ̀ lójú ọjà. Bó bá fi lè tẹ̀ ẹ́ jù díẹ̀, òkúta náà ló máa lù. Ó rọra ń lù ú, ó ń dúró, ó ń fẹ́ ẹ, ó tún ń lù ú.  Nígbà tí ihò là, ó na ọwọ́ síbẹ̀, igi ìṣáná tó lẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ yẹn náà ló fi ti òkúta. Ó bọ́ sílẹ̀ pẹ́, nǹkan kan ò ṣe é.

Ó lẹ òrùka mọ́ ọn, ó jẹ́ kó tutù. Nígbà tó tún fẹ́ gbé òkúta wọlé wò, òwú tó nà síbẹ̀ pọ̀ débi pé Télọ̀ ní ṣé ó fẹ́ hun aṣọ ni. Ṣùgbọ́n ihò ńkọ́? Ihò wà níbẹ̀, ó ń wò wá. Kò sì sí àyè àtiṣe òmíràn, Màmá ti ń fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Ihò kékeré, àṣìṣe ni wọ́n máa pè é," ni ọkọ mi ń sọ fún ara rẹ̀. "Bó bá tóbi, ọgbọ́n ni." Ló bá fi ayùn fẹ̀ ẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀, ó dán etí rẹ̀ kó má bàa ha wọ́n láyà, ó gbé òkúta sí i, ó tẹ etí ọgbà mọ́ ọn.

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ni Télọ̀ wí. Ọkọ mi ní kó gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

Ó kúnlẹ̀, ó gbé e sọ́wọ́ Màmá. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò ní àtẹ́lẹwọ́. "Ó wúwo ju tèmi lọ."

"Fàdákà ni, Màmá."

Wọ́n fọwọ́ ra orí rẹ̀. "Ó ń yọ̀. Tèmi kì í yọ̀ báyìí."

"Mo nù ún ni, Màmá."

Wọ́n mi orí. Wọn ò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó kàn rẹ̀ wọ́n. "Kì í ṣe òun. Mo sọ ọ́, mo ní màá mọ̀. Ọmọ mi, gbé báàgì mi, jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n fẹ́ dá a padà fún un. Bí wọ́n ṣe yí ọwọ́, àtàǹpàkò wọn bọ́ sínú ihò ẹ̀yìn. Wọ́n dúró. Àtàǹpàkò náà lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sósì, ó wá dúró síbì kan. Wọ́n tún ra ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ó ṣẹ́ níbí," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ tí bàbá rẹ fẹ́ fún mi ní òkúta yìí, ọmọdé ni wá. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Ó fẹ́ sunkún. Mo ní kó má sunkún, ibi tó ṣẹ́ yẹn ni màá máa fi dá a mọ̀. Mi ò sọ fún ẹnì kankan rí." Wọ́n gbé ojú wọn tí kò ríran sókè. "Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ṣe ló máa bo abẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Alágbẹ̀dẹ, ìwọ ṣí i sílẹ̀ fún mi."

Ọkọ mi olóòótọ́ la ẹnu, ó fẹ́ ṣàlàyé. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ débi pé ó ké. Ẹkún ti gba gbogbo ojú mi, àmọ́ mo mọ ibi tí mo tẹ̀.

Màmá gbé ṣéènì kọ́rùn, àtàǹpàkò wọn ò kúrò nínú ihò. "Ọmọ mi ọkùnrin," ni wọ́n wí, "o ṣeun."

Ọkọ mi wẹ̀yìn wò, ó ń wá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

"Kí lò ń wá lẹ́yìn?" ni Màmá wí. "Ìwọ tí ìṣáná ń hù lọ́wọ́ rẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."